Ewú Alátíkè Tí Mo Lọ Wò Ní Párísì

Ẹ̀yin ará Ìbẹ̀rẹ̀kó tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà láti béèrè ohun tí mo jẹ àti ohun tí mo rí nílùú òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí. N ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, n ò sì ní tún un sọ mọ́, nítorí ìtìjú inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́. Àwọn kan nínú yín ti gbọ́ pé mo dọ̀bálẹ̀ láàárín ilé àwòrán ní Párísì tí wọ́n fi sáré gbé omi wá. Òótọ́ ni. Àwọn kan gbọ́ pé mo dé wíìgì obìnrin. Irọ́ ni. Wíìgì ọkùnrin ni.

Ohun tó lé mi kúrò nílé

Iṣẹ́ olùkọ́ àwòrán ni mo ń ṣe, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lójú títì márosẹ̀. Tíṣà ni gbogbo yín mọ̀ mí sí. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa ń ya ojú ènìyàn fún ẹni tó bá fẹ́: òkú tí wọ́n ń ṣe ẹ̀yẹ fún, baálé ilé tó pé ọgọ́rin ọdún, ìyàwó pásítọ̀. Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é kò le. Mo máa pa ewú rẹ́, mo máa tẹ́ awọ ojú bí ẹni lọ aṣọ, mo máa gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, mo máa wá mú ẹnu le gírígírí kí ẹni náà lè jọ ẹni iyì. Oníbàárà kankan kò bínú rí. Àwọn òkú náà kò sì wí nǹkan kan.

Kí n má parọ́, èmi fúnra mi ò fẹ́ràn ewú. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń kun orí mi dúdú lẹ́yìn ilé, tí ìyàwó mi á sì máa wò mí láti ojú fèrèsé.

Ìyá mi nìkan ni iṣẹ́ mi kò tẹ́ lọ́rùn. Ọmọ Ègùn Ìwòrò ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí ọ̀sà níbẹ̀ ló sì ń gbé títí di òní. Nọ̀ la máa ń pè é, bí Ègùn ṣe ń pe ìyá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yà á, mo fún un ní irun dúdú àti ojú ọmọge. Ó wò ó, ó ní, "Ta ni ọmọ yìí? Bi í kí o gbọ́, níbo ló wà lọ́jọ́ tí mò ń rọbí rẹ?" Mo lọ tún un yà. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi ewú sí i, mo kó gbogbo ìlà ojú rẹ̀ síbẹ̀, mo mú ẹnu le. Ó ní, "Èyí ti kú. Ẹ lọ sin ín."

A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà ní àìsàn náà dà bí ikán: ibi tó bá ti jẹ, ó ti jẹ ẹ́ náà nìyẹn, oògùn tí a ń kán sí i kàn ń fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ sí àárín. Lọ́jọ́ kan Nọ̀ pè mí, ó ní, "Vi ṣie, ọmọ mi, mo ti rí gbogbo òkú Àgbádárìgì tí o yà. Mo fẹ́ rí tèmi kí ojú yìí tó tì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa mú mi lọ́wọ́ fi pa pátákó lára, kí wọ́n ní èmi nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Ẹni tó ń fi àwòrán jẹun ni kò lè ya ìyá tó bí i. Ìgbà yẹn gan-an ni Sẹ̀nàmì ránṣẹ́ sí mi. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni, ọmọ Àgbádárìgì, Párísì ló wà báyìí, ó ń rán aṣọ ayé àtijọ́ fún àwọn eléré orí ìtàgé. Ó ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun. Mo sọ fún Nọ̀ pé mò ń lọ kọ́ àṣírí àwọn ayàwòrán Rokokó. Ó ní, "Lọ. Ṣùgbọ́n má pẹ́ níbẹ̀. Ojú mi kò ní dúró dè ọ́."

Rokokó tèmi

Ẹni tí kò bá mọ Rokokó, kó má dààmú. Irú àwòrán àti ọ̀ṣọ́ kan ni, èyí tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé fẹ́ràn láyé ọba wọn: aṣọ sílíìkì, léèsì lọ́rùn ọwọ́, òdòdó níbi gbogbo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa bí ata. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Rokokó láì fojú kan ẹyọ kan rí. Ìwé tí mo fi ń kọ́ wọn, ẹ̀dà inú ẹ̀dà ni, dúdú àti funfun, ẹni tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sì ti gé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kúrò níbi tí àlàyé wà.

Mo wo àwọn àwòrán náà dáadáa. Obìnrin, orí ewú. Ọkùnrin, orí ewú. Gbogbo wọn pátá, orí funfun bí òwú. Mo jókòó, mo ronú, mo sì rí ìdáhùn: àwọn ènìyàn wọ̀nyí bọ̀wọ̀ fún àgbà. Wọn kì í ya ọ̀dọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ya òun, kó kọ́kọ́ lọ dàgbà ná.

Ẹ̀kọ́ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀. Lọ́dọọdún ni mo ń fi òwe ṣí i: ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi. Mo fi ṣe ìbéèrè ìdánwò pé, "Ṣàlàyé bí àwọn ará Rokokó ṣe bọ̀wọ̀ fún àgbà." Àwọn ọmọ ṣàlàyé. Àwọn mìíràn ṣàlàyé débi tí omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Bí mo ṣe kí oníbúrẹ́dì

Mo ti fi Faransé mi yangàn fún yín, mo mọ̀. Ẹni tó dàgbà sí ìtòsí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kí ni kò ní gbọ́? Faransé tèmi lè ra búrẹ́dì, ó lè ra ẹja, ó sì lè bẹ ọlọ́pàá ẹnubodè. Ibẹ̀ ló parí sí.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé òyìnbó kì í kíni. Irọ́ gbáà ni. Ní Párísì, bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù láì kí ẹni tó wà níbẹ̀, kò ní dá ọ lóhùn, á kàn máa wò ọ́ bí ọmọ tí wọn ò kọ́. Inú mi dùn. Mo ní, áà, ilé ni mo wá yìí. Mo wọlé tọ oníbúrẹ́dì lọ, mo ní "bọ̀ǹsúà", ó ní "bọ̀ǹsúà". Mo bi í léèrè ilé. Mo bi í léèrè ọmọ. Mo fẹ́ bi í léèrè bàbá àti ìyá rẹ̀, ló bá wo ẹ̀yìn mi. Àwọn mẹ́fà ti tò sí ìlà, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ibi tí ìkíni wọn mọ ni ibi tí tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ wọn dára, àyàfi èyí tí Sẹ̀nàmì gbé kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní, wàràkàṣì kan tí ara rẹ̀ ti bu funfun. Mo rọra sọ fún un, kí n má dójú tì í, pé ó ti bàjẹ́. Ó ní bíbu tó bu yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn ń wá. Mo jẹ ẹ́. Mo tún bu díẹ̀ sí i nígbà tí kò wò mí.

Màmá aláṣọ búlúù

Ọjọ́ kẹrin la lọ sí ilé àwòrán. Mo wọ agbádá, nítorí mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni mò ń lọ.

Nígbà tí a dé yàrá Rokokó, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo mọ̀ ní dúdú àti funfun wá di pupa, ewéko, wúrà. Mo rí obìnrin kan tí yẹ̀rì rẹ̀ fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì débi tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi wọ yàrá. Mo rí ọkùnrin tí léèsì rẹ̀ ju ti ìyàwó lọ. Lẹ́yìn náà ni mo dé iwájú obìnrin aláṣọ búlúù kan, orí rẹ̀ funfun nini, òdòdó kékeré létí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà ní ojú ìwé kẹtàdínlógójì nínú ìwé mi.

Mo tẹríba. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, Màmá." Mo wá kọjú sí Sẹ̀nàmì, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi ní ohùn kíláàsì: ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé ìyá àgbà yìí níyì, ẹ wo bí wọ́n ṣe fi aṣọ olówó iyebíye ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Mo ti dé ibi òwe kí ẹnì kan tó húkọ́ lẹ́yìn mi.

Ẹ̀ṣọ́ yàrá náà ni, ọkùnrin dúdú kan nínú kóòtù, irun orí rẹ̀ dúdú kirikiri. Yorùbá ló sọ, Yorùbá tí Ègùn wà nínú rẹ̀ bíi ti Nọ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, ará ilé. Ọmọ bí ogún ọdún ni obìnrin yẹn."

Mo ní, "Pẹ̀lú ewú yìí?"

Ó ní, "Àtíkè ni. Wọ́n ń dà á sórí ni. Ọmọdé ń dà á, àgbà ń dà á, kí gbogbo wọn lè rí bákan náà. Ẹ tún wo ọrùn rẹ̀. Ṣé ọrùn ìyá àgbà nìyẹn?"

Mo wo ọrùn náà. Kò sí ìlà kan níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún, n kò wo ọrùn.

Mo yíjú sí Sẹ̀nàmì. Àjà ilé ló ń wò. Mo ní, "Ṣé o mọ̀?"

Ó ní, "Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, sà. Ẹ fi bírò pupa fagi lé e. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé n kò ní ẹ̀kọ́ ilé, kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà."

Ilẹ̀ kò là kó gbé mi mì. Ẹ̀ṣọ́ náà ṣàánú mi, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní Dòsú ni orúkọ òun, ọmọ Àjàṣẹ́ tó wà lódìkejì Sẹ̀mẹ̀, pé ọdún tó ń bọ̀ ni òun máa fẹ̀yìn tì. Mo bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Mo ní, irun yìí ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń kùn ún ni, gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ẹ gbà mí o. Mo kí ọmọ ogún ọdún ní Màmá, mo sì gbójú sókè bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ká agbádá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó dídán yẹn níwájú Bàbá Dòsú. Obìnrin òyìnbó kan ké. Ẹ̀ṣọ́ méjì sáré wọlé, ọ̀kan gbé omi dání, èkejì di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń gbé e sókè kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sí mi lórí. Bàbá Dòsú ń ṣàlàyé fún wọn ní Faransé pé kò sí nǹkan tó ṣe mí, pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Wọ́n ṣì fún mi ní omi náà. Mo mu ún.

Ẹnu

Lójoojúmọ́ ni mo ń padà síbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́sàn-án, èmi àti Bàbá Dòsú á jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta, a ó po gàrí, a ó fi àgbọn tí mo gbé láti Ìwòrò sí i. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jẹ àgbọn náà, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wá ní, "Etí ọ̀sà nìyí." Mo tún bù sí i fún un.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Nọ̀ fún un, bí mo ṣe yà á lẹ́ẹ̀mejì tí mo kùnà, àti bí ojú ṣe ń lọ. Ó mú mi padà wọlé. Ó ní, "Mo ti pẹ́ tí mo ti ń dúró ti àwọn wọ̀nyí. Ẹ wo ẹnu wọn. Kò sí èyí tó mú ẹnu le. Gbogbo wọn dà bí ẹni tó fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹ tó dé, tó wá gbé e mì."

Òótọ́ ni. Ó tún fi hàn mí pé ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀fun lórí ìwé lásán, ìdí nìyẹn tí dígí fi bò wọ́n. Bí ìka kan péré bá kàn án, ojú ti lọ. Mo ronú pé irun alátíkè àti ojú alátíkè ni gbogbo rẹ̀. Mo tún ronú pé ìyá mi, tó jẹ́ pé ẹlẹ́yà ni láti àárọ̀ dalẹ́, tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, èmi ni mo lọ pa á lẹ́nu mọ́ nínú àwòrán bí ìyàwó pásítọ̀.

Mo mọ ohun tí mo fẹ́ wàyí. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú ṣọ́ọ̀kì, ẹnu òkú ni ọwọ́ mi ń yà. Ọ̀sẹ̀ kejì parí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bá pe ilé, Nọ̀ á bi mí pé, "Ṣé o ti kọ́ ọ?" Mo ní mò ń kọ́ ọ. Á ní, "Ó dáa. Lónìí, mi ò rí ife omi mi."

Wíìgì

Sẹ̀nàmì ló fi ẹ̀rín tú ìṣòro náà. Ó ń rán aṣọ ọlọ́lá ayé Rokokó fún eléré kan tó sanra bíi tèmi, ó ní kí n jọ̀ọ́ dúró kí òun fi mí wọ̀n ọ́n. Ó wọ̀ mí ní kóòtù olódòdó, ṣòkòtò tó mọ ní orúnkún, ìbọ̀sẹ̀ funfun tó fi ẹsẹ̀ mi hàn bí ẹsẹ̀ lékeléke. Ó wá gbé wíìgì lé mi lórí, ó sì da àtíkè lé e. Mo sín títí ojú mi fi pọ́n.

Ó gbé dígí wá. Mo wo ara mi, àgbàlagbà olùkọ́, nínú kóòtù olódòdó, tó ti fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ara mi pa mí lẹ́rìn-ín. Mo fún ẹnu pọ̀ kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Nọ̀ ló wò mí láti inú dígí. Ewú rẹ̀, iwájú orí rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń di ẹ̀rín mú. Òun gan-an, lọ́jọ́ tó ní kí wọ́n lọ sin àwòrán mi.

Mo ní, "Sẹ̀nàmì, fún mi ní ìwé. Èyí tó dúdú díẹ̀. Má ṣí wíìgì yìí."

Ó gbé ìwé aláwọ̀ aró wá àti ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fa ìlà sí aṣọ àti èyí tó fi ń ya aṣọ kó tó rán an. Mo jókòó síwájú dígí, mo ń sín, mo ń yà. Nígbà tó yá, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ta lẹ ń yà, sà?" Mo ní ìyá mi ni. Kò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ pé kó dárí jì mí nítorí bírò pupa náà. Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́, ṣùgbọ́n pé òun ṣì fẹ́ máàkì òun.

Ìwòrò

Orí itan mi ni mo gbé àwòrán náà lé láti Párísì dé ilé, n kò jẹ́ kí wọ́n gbé oúnjẹ kankan síwájú mi nínú ọkọ̀ òfurufú, nítorí ẹ̀fun ni, kò sì tíì ní dígí. Mo ti wà níwájú kíláàsì láti ìgbà náà. Mo sọ fún wọn pé àtíkè ni. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ti ṣe ìdánwò ná. Mo ní kó jókòó.

Nọ̀ wà lórí àga rẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn nígbà tí mo dé Ìwòrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo délé. Èmi náà jókòó sórí àga níwájú rẹ̀, ní ìwọ̀n àyè tí ọkùnrin àgbàlagbà máa ń fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Mo gbé àwòrán náà lé e lọ́wọ́. Mo ń wò ó bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ ka èsì ìdánwò rẹ̀.

Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọjú wo yàrá láti ihò kọ́kọ́rọ́. Orí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ewú mi nìyí." Ó sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú orí, sí ojú, sí imú. Ó dé ẹnu, ó dúró.

Ó ní, "Ẹnu ta nìyí?"

Mo ní, "Tiyín ni, Nọ̀."

"Irọ́ ni. Bí o ṣe máa ń fún ẹnu pọ̀ nìyí tí o bá ti jẹ ẹja inú ìkòkò, tí o ní kì í ṣe ìwọ."

Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti dígí, mo sọ ti wíìgì. Mo ní kó gbé e fún mi, n ó tún ẹnu náà ṣe kíá. Ó fà á mọ́ra.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti rí ojú rẹ. Ohùn rẹ ni mo fi ń mọ̀ ọ́."

Kò sọ fún mi rí. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí n má jókòó síwájú rẹ̀ lórí àga kan náà. Kí n tó lanu, ó ti fi ìka kan ẹnu àwòrán náà. Ẹ̀fun lẹ̀ mọ́ ọn níka, àmì ìka rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ó wo ìka náà, ó fi nu ìró rẹ̀.

Mo dìde. Mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ níwájú rẹ̀, mo gbé ojú mi sún mọ́ tirẹ̀ títí mo fi ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ní, "Nọ̀, ẹ wò mí." Ó di orí mi mú, ó ń yí i bó ṣe yí àwòrán. Láti orí náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Párísì, n kò rántí kun orí rárá.

Ó ní, "Ìgbà wo ni ìwọ náà hu ewú?"

Mo ní àtíkè ni.

Ó fi ìka ra irun mi, ó gbé ìka náà sún mọ́ ojú, ó wò ó títí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.